Ìkìlọ̀ Abẹ́ Ọ̀rá

4 (ìdajì rẹ̀)

…nínú àpòòwé tí a ti fi gọ́ọ̀mù àti òǹtẹ̀ pupa dì. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣí i. Ẹbí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣí i. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i kó tó dé ọwọ́ wa, ìwé èsì náà ti di ìwé lásán, a kò sì ní gbà á.

(Láti inú ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó fẹ́ kúrò ní yunifásítì kan bọ́ sí òmíràn, ojú ìwé kẹrin. Ojú ìwé kẹta ti sọnù. Mo rò pé mo fi nu tábìlì.)

1

Ohun tí mo fẹ́: kí n kúrò ní yunifásítì tí mo wà, kí n lọ parí ẹ̀kọ́ mi ní èyí tó wà nílùú wa.

Ibi tí mo bá a dé: ọdún kejì, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ilẹ̀ àti òkúta.

Bí ibí ṣe jìnnà sílé tó: wákàtí mọ́kànlá nínú bọ́ọ̀sì, bí awakọ̀ kò bá jẹ́ ẹni tó ń dúró tọ̀ ní gbogbo ìyànà.

Iye ọjọ́ tó kù kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn: mọ́kànlá.

2

Ìwé tí wọ́n béèrè:

☑ fọ́ọ̀mù (àlàfo mẹ́rìnlá, mo ti kọ nǹkan sí mẹ́tàlá, ó ku ẹyọ kan)

☑ fọ́tò méjì, etí méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn

☑ lẹ́tà olórí ẹ̀ka: "A kò bá a jà, òun náà kò bá wa jà"

☑ àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí mo ti kọ́

☐ ìwé èsì ìdánwò, nínú àpòòwé dídì

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni èyí tó kẹ́yìn yẹn gbà kó tó jáde. Mo lọ sí ọ́fíìsì náà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi ń kí mi ní ìyàwó ilé.

3

Àlàfo kẹtàlá: *Kí ni ìdí rẹ tí o fi fẹ́ kúrò? (Má ju ìlà mẹ́fà lọ.)*

Ìgbìyànjú kìíní: Yàrá àyẹ̀wò òkúta yín dára ju tiwa lọ.

Ìkejì: Ojú ọjọ́ ibí kò bá mi lára mu.

Ìkẹta: Mo nífẹ̀ẹ́ sí àwọn òkúta agbègbè yín.

Ìkẹrin: Yàrá àyẹ̀wò òkúta yín dára ju tiwa lọ gan-an ni.

Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo fi àlàfo náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà gbà á, kò bi mí ní nǹkan kan.

5

Irọ́ ni mo pa ní 3. N kò rí yàrá àyẹ̀wò wọn rí.

Ohun tí mo rí nìyí, nígbà ìsinmi tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi.

Bàbá mi ń ṣe fọ́tòkọ́pì, wọ́n ń tẹ̀wé, wọ́n sì ń lámínéètì. Ọgbọ̀n ọdún nìyí. Ìwé ẹ̀rí, ìwé ìbí, ìwé ilẹ̀, fọ́tò ẹni tó ti kú: wọ́n á tẹ́ ẹ sáàárín ọ̀rá méjì, wọ́n á kì í bọ ẹnu ẹ̀rọ gbígbóná, á gba òdì kejì jáde, á máa dán, omi kò ní lè ṣe é ní nǹkan mọ́. Aláṣọ-Ìwé ni àwọn oníbàárà ń pè wọ́n. Nílé wa, ìwé kankan kì í rìn níhòòhò. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára mi wà nínú ọ̀rá. Ìwé tí mo ti kọ́kọ́ kọ orúkọ mi, tí mo kọ ọ́ sẹ́yìn, wà nínú ọ̀rá. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí mo kọ nígbà tí mo fọ́ jígí yàrá wọn wà nínú ọ̀rá pẹ̀lú, ó wà lára ògiri pálọ̀, kò sí àlejò tí kò tíì kà á.

Ní ìsinmi yẹn, mo rí i tí wọ́n fún obìnrin kan ní ìwé ẹ̀rí ọkùnrin kan. Mo rí i tí wọ́n da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ fún mi pé, "Bá mi ka eléyìí, ọwọ́ mi dí." Ọwọ́ wọn kò dí.

N kò bi wọ́n. Wọn kò sọ fún mi. Mo padà síléèwé, mo sì gba fọ́ọ̀mù.

6

Lórí fóònù, ọjọ́ tí mo sọ fún bàbá mi pé mo fẹ́ wá kàwé nílé:

BÀBÁ: Kí ló ṣe ibi tó o wà?

ÈMI: Kò ṣe nǹkan kan. Yàrá àyẹ̀wò tilé ló dáa jù.

BÀBÁ: Òkúta ọ̀hún àti òkúta ìhín, èwo ló le jù?

ÈMI: Bàbá.

BÀBÁ: Mò ń béèrè ni, Olókùúta. Àbí ẹnì kan ń yọ ẹ́ lẹ́nu níbẹ̀?

ÈMI: Rárá o.

BÀBÁ: Ó dáa. Fi àpòòwé yẹn ránṣẹ́ sí mi. Ọwọ́ ara mi ni màá fi gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìwé ọmọ mi ò ní sọnù lọ́nà.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nítorí náà, mo fo èje.

8

Mo fi àpòòwé náà rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kìlọ̀ fún un pé kó má ṣí i. Ó ní òun kò mọ̀wé, kí lòun fẹ́ ṣí i ṣe.

N kò kìlọ̀ fún bàbá mi. Ẹni tó ti ń bá gbogbo àdúgbò kàwé láti ọgbọ̀n ọdún, ṣé èmi ni màá sọ ohun tó wà lójú àpòòwé fún un?

9

ÌRÁNṢẸ́. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méjì. Láti ọ̀dọ̀ BÀBÁ.

[fọ́tò]

[fọ́tò]

[fọ́tò]

[ohùn] "Olókùúta, ìwé ẹ ti dé. Mo ti bá ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ. Ọ̀rá tó nípọn jù ni mo lò, èyí tí mo fi ń ṣe ti àwọn adájọ́. Mo ti ń múra àtigbé e lọ."

(Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí bàbá mi kò tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi mọ́. Ohùn nìkan.)

Fọ́tò kìíní: ojú ìwé èsì kìíní, nínú ọ̀rá.

Fọ́tò kejì: ojú ìwé èsì kejì, nínú ọ̀rá. Ìka bàbá mi wà nígun kan.

Fọ́tò kẹta: àpòòwé náà fúnra rẹ̀. Wọ́n là á lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n fi ọ̀rá bò ó. Òǹtẹ̀ pupa náà ń dán lábẹ́ rẹ̀. Kò sí lẹ́tà kan tí kò hàn:

ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ ṢÍ I.

Afẹ́fẹ́ kankan kò sí lábẹ́ ọ̀rá náà. Iṣẹ́ náà mọ́.

10

Mo bínú. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo jókòó sórí àtẹ̀gùn kíláàsì, mo sì bá bàbá mi jà nínú ọkàn mi láti aago mẹ́wàá títí di mọ́kànlá. Mo sọ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í sọ sí bàbá. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ti wọ omi. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá.

Lẹ́yìn náà ni mo pè wọ́n.

11

ÈMI: Bàbá, ṣé ẹ ti gbé e lọ?

BÀBÁ: Mò ń wọ bàtà ni.

ÈMI: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà. Àpòòwé yẹn, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i.

BÀBÁ: Ta ló ní bẹ́ẹ̀?

ÈMI: Ó wà lójú ẹ̀. Wọ́n fi pupa kọ ọ́.

BÀBÁ: Mo rí pupa yẹn. Òǹtẹ̀ ni.

ÈMI: Ẹ bá mi kà á.

BÀBÁ: Awò mi ò sí nítòsí.

ÈMI: Awò yín wà lójú yín, Bàbá. Mò ń gbọ́ ọ bó ṣe ń kan fóònù.

(Ẹ̀rọ ń kùn lẹ́yìn wọn.)

BÀBÁ: Orúkọ ẹ ni wọ́n kọ síbẹ̀.

ÈMI: Orúkọ mi ò sí níbẹ̀.

(Mo gbọ́ tí wọ́n dìde lórí àga.)

BÀBÁ: Jẹ́ kí n lọ pa ẹ̀rọ yìí.

12

Ìbínú mi tán lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rù ló gba ipò rẹ̀.

Màmá mi ni alásè ní ilé ìwòsàn. Aago méjì ni wọ́n máa ń ráyè jókòó. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ohùn wọn dé:

"Má bínú sí bàbá ẹ. Kò rí i ni. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Mo mọ̀. Ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ, pé wàá pa ìwé tì. Ọkọ mi ni, àṣírí ẹ̀, àṣírí mi ni. Èmi ni mo lẹ àjákù aṣọ mọ́ bọ́tìnnì ẹ̀rọ yẹn, kí ọwọ́ ẹ̀ lè máa mọ̀ ọ́n. Tó bá ti gbóná tó, ó máa ń gbọ́ ọ nínú ìró ẹ̀. Tí ọ̀rá bá fẹ́ jó, imú ló fi ń mọ̀. Bàbá tiẹ̀ náà, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ ọn lójú pátápátá. Ìyẹn ni kò fẹ́ lọ gbọ́ lẹ́nu dókítà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu mi fi bó. Ó pè mí síbi iṣẹ́, ó ní òun kàn jókòó, òun gbé àpòòwé yẹn sórí itan. Ìwọ bá a sọ ọ́. Tìẹ ló máa ń gbọ́."

Mo tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀ fún mi, àfi àjákù aṣọ yẹn. Àjákù aṣọ yẹn ló mú mi.

13

(àlàfo)

14

Obìnrin tó ń tọ́jú ìwé èsì ní yunifásítì wa, Ìyá Fáìlì là ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn la ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọn kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní rúlà igi kan tí wọ́n fi ń na ìwé sí èèyàn, kí ọwọ́ má baà kan ọwọ́. Ọjọ́ kejì tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

ÌYÁ FÁÌLÌ: O ṣẹ̀ṣẹ̀ gba tìẹ.

ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ti ṣí i.

ÌYÁ FÁÌLÌ: Àwọn wo?

ÈMI: Bàbá mi, mà.

(Mo fi fọ́tò hàn wọ́n lórí fóònù. Wọ́n fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́. Wọ́n wò ó pẹ́.)

ÌYÁ FÁÌLÌ: Wọ́n lámínéètì ìkìlọ̀ náà.

ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

ÌYÁ FÁÌLÌ: Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gún. Ẹni tó ṣe èyí mọṣẹ́.

ÈMI: Wọn ò ríran dáadáa mọ́, mà. Wọn ò rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

(N kò mọ̀ pé màá sunkún. Mo sunkún.)

ÌYÁ FÁÌLÌ: Nu ojú ẹ, má jẹ́ kó kán sí fáìlì. Bi wọ́n bó bá ń dà bíi pé èéfín wà nínú ilé, tí iná sì máa ń fọ́n káàkiri tí wọ́n bá wò ó.

(Mo pe Màmá. Màmá bi Bàbá. Mo gbọ́ ohùn Bàbá láti ọ̀nà jíjìn: "Ta ló sọ fún un?")

ÌYÁ FÁÌLÌ: (wọ́n bọ́ awò wọn) Wo ojú mi. Èwo ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún nínú méjèèjì?

ÈMI: Mi ò mọ̀, mà.

ÌYÁ FÁÌLÌ: Méjèèjì ni. Dígí kan wà nínú ẹyinjú, ó máa ń ṣú tó bá pẹ́. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi òmíràn sí i. Àárọ̀ ni mo wọlé, ọ̀sán ni mo jáde. Èmi kì í ṣe dókítà o. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé èyí ni, ẹkún tó ò ń sun yìí ti pọ̀ jù.

ÈMI: Ìwé èsì ńkọ́, mà?

ÌYÁ FÁÌLÌ: Ọjọ́ mọ́kàndínlógún.

ÈMI: Ó ku mẹ́wàá, mà.

ÌYÁ FÁÌLÌ: Mo gbọ́. Jókòó síbẹ̀ yẹn. Má fọwọ́ kan nǹkan kan.

Mo jókòó. N kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n fi rúlà na ìwé pélébé kan sí mi.

15

ÌWÉ ÌFIRÁNṢẸ́

Ẹrù: àpòòwé kan, dídì

Láti: ọ́fíìsì ìwé èsì

Sí: ọwọ́ akọ̀wé ìgbàwọlé, yunifásítì kejì

Ọkọ̀: ti ilé ẹ̀kọ́, Ọjọ́bọ̀

Ẹni tó lè fọwọ́ kàn án lọ́nà: awakọ̀

Àfikún (bírò ni wọ́n fi kọ ọ́): *Kì í ṣe bàbá rẹ̀.*

16

Wọ́n lẹ èyí mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì náà lọ́jọ́ kejì. Ó ṣì wà níbẹ̀.

ÌKÌLỌ̀ FÚN GBOGBO AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Ẹ má ṣí àpòòwé.

2. Ẹ má jẹ́ kí òbí yín ṣí i.

3. Ẹ má lámínéètì rẹ̀. (Ẹ wo àwòrán ìsàlẹ̀ yìí.)

4. Bí òbí yín bá ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ, ẹ mú wọn lọ yẹ ojú wò.

17

Ohun tí mo sọ fún bàbá mi kí wọ́n tó gbà láti lọ kò pọ̀. Mo ní, "Bàbá, bí ẹ kò bá lọ, màá pa ìwé tì lóòótọ́." Wọ́n ní ìhalẹ̀ nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

ILÉ ÌWÒSÀN OJÚ. Káàdì tuntun.

Ọkùnrin, ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta

Iṣẹ́: "mo ń wọ ìwé láṣọ" (bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn)

Ojú ọ̀tún: ó lè ka ìka ọwọ́ láti ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta

Ojú òsì: lẹ́tà ńlá òkè pátápátá nìkan

Ohun tí a rí: dígí inú ojú méjèèjì ti ṣú

Àìsàn tó fọ́ bàbá rẹ̀ lójú: a wá a, a kò rí i

Ìtọ́jú: iṣẹ́ abẹ. Ojú ọ̀tún ni kí a kọ́kọ́ ṣe.

*A wá a, a kò rí i.*

Màmá ló ya fọ́tò káàdì náà ránṣẹ́. Mo ka ìlà yẹn títí tó fi dà bíi pé èmi ni mo kọ ọ́. Mo mí kanlẹ̀. Ara tù mí débi pé mo sùn lọ lọ́sàn-án gangan, tèmi ti bàtà, ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé yàrá sì rò pé mo ṣàìsàn.

18

BÀBÁ: Dókítà yẹn ní dígí inú ojú mi ló ti pọ́n. Mo ní mo mọ ohun tó ń sọ. Ọ̀rá tó bá ti pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé náà máa ń pọ́n bẹ́ẹ̀. Àṣé láti inú oyún ni wọ́n ti lámínéètì ojú èèyàn.

ÈMI: (ẹ̀rín)

BÀBÁ: Ó ní òun máa bó o, òun máa fi tuntun sí i. Mo bi í bóyá afẹ́fẹ́ ò ní wọ abẹ́ ẹ̀. Ó ní òun ti ń ṣe é bọ̀ láti ogún ọdún. Mo ní èmi ọgbọ̀n.

ÈMI: Bàbá, ẹ jẹ́ kí dókítà ráyè.

BÀBÁ: Mo jẹ́ kó ráyè. Olókùúta.

ÈMI: Bàbá.

BÀBÁ: Yàrá àyẹ̀wò tilé yìí. Mo ní kí màmá ẹ mú mi débẹ̀ nígbà tá a kúrò nílé ìwòsàn. Mo béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀. Ó ní láti ọdún tó kọjá ni òrùlé ẹ̀ ti ń jò.

ÈMI: Ó ń jò?

BÀBÁ: Torí ojú mi lo ṣe fẹ́ wálé.

ÈMI: Ẹ má bínú.

BÀBÁ: Ta ló ń bínú? Èmi tí mo fi ọ̀rá bo ìkìlọ̀? Ìwọ ń tàn mí, èmi náà ń tàn ẹ́, màmá ẹ wà láàárín, ó ń lẹ aṣọ mọ́ bọ́tìnnì. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ojú yìí máa là. Má fi mí ṣe ìdí mọ́. Tó o bá fẹ́ wá, wá. Tó o bá fẹ́ dúró, dúró. Kó ṣáà jẹ́ tìẹ.

19

LÁTI ỌWỌ́ AKỌ̀WÉ ÌGBÀWỌLÉ

A fi èyí sọ fún ọ pé ìwé èsì rẹ dé ọ̀dọ̀ wa kí ilẹ̀kùn tó tì. Òǹtẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀.

Ṣùgbọ́n àlàfo kẹtàlá fọ́ọ̀mù rẹ ṣófo. Ìgbìmọ̀ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní ìdí. A fún ọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

20

Mo wá ìdí tí kò ní ojú bàbá mi nínú.

Ohun tó máa sọnù bí mo bá lọ:

– ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé yàrá, tó máa ń bá ara rẹ̀ jiyàn lójú oorun, tó sì máa ń borí

– àpáta ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, tí mo ti mọ gbogbo ìlà ara rẹ̀

– Ìyá Fáìlì, tó ń kí mi báyìí ní "ọmọ Aláṣọ-Ìwé", láìrẹ́rìn-ín

Ohun tó máa sọnù bí mo bá dúró:

–

Mo fi àmì sílẹ̀ síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ.

21

ÌRÁNṢẸ́, láti ọ̀dọ̀ MÀMÁ. Ọjọ́rú, aago kan ọ̀sán.

Wọ́n ti ṣe ọ̀tún. Ó ti jáde. Ó ń béèrè dígí tí wọ́n yọ, ó ní òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀.

Wọ́n ṣí bándéèjì. Ó wò mí títí. Ó ní àṣé mo ti hewú. Mo ní ta ló fà á.

Mo ka èyí ní kíláàsì, mo rẹ́rìn-ín sókè, olùkọ́ sì dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró. Ó ní kí n sọ fún gbogbo kíláàsì ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní màmá mi ti hewú, sà. Ó ní kí n jókòó.

7

Mo ní mo fo èje. Òun nìyí.

Kí ojú bàbá mi tó ṣú ni mo ti fẹ́ wálé. Ọ̀sẹ̀ kìíní tí mo dé ibí ni mo ti fẹ́ wálé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbàdúrà fún mi, wọ́n ti sìn mí dé ibùdókọ̀, bàbá mi ti fi lẹ́tà ìgbàwọlé mi sínú ọ̀rá, wọ́n ti gbé e kọ́ sókè ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn. Ta ló máa wá padà nítorí pé ilé ń wù ú? Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n máa pe èèyàn.

Nígbà tí mo rí omi tí wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ẹ̀rù bà mí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nǹkan kan nínú mi tún sọ pé: o ti wá rí ìdí gidi wàyí.

Ojú tì mí láti kọ èyí. Mo sì kọ ọ́. Nǹkan fúyẹ́ lọ́kàn mi lẹ́yìn tí mo kọ ọ́.

13

*Kí ni ìdí rẹ tí o fi fẹ́ kúrò?*

Bàbá mi ti ń ríran báyìí. Mo ṣì fẹ́ wálé.

22

Oṣù kan àti ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìdánwò, lórí àtẹ̀gùn kan náà. Bàbá ló pè.

BÀBÁ: Lẹ́tà kan dé láti yunifásítì tilé. Orúkọ ẹ ló wà lára ẹ̀.

ÈMI: Orúkọ mi?

BÀBÁ: Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

ÈMI: Ṣé ẹ ti ṣí i?

BÀBÁ: Mi ò tíì kà á tán. Gbọ́. "Ẹni tí orúkọ rẹ̀… wà lójú ìwé yìí… nìkan ni kó ṣí i." Òun ni wọ́n fi ńlá kọ. Wẹ́ẹ́rẹ́ wà lábẹ́ ẹ̀. "Bí ẹ kò bá rí i… ẹ dá a padà sí ọ́fíìsì wa… kí ó tó di ọjọ́ kẹrìnlá." Wẹ́ẹ́rẹ́ tún wà lábẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́, níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Àwọn tó tẹ àpòòwé yẹn ni, nọ́ńbà fóònù wọn. Ṣé kí n ka ìyẹn náà?

ÈMI: Ẹ kà á.

(Wọ́n kà á. Nọ́ńbà mọ́kànlá. Wọn kò fo ọ̀kankan.)

ÈMI: Ẹ̀rọ ńkọ́?

BÀBÁ: Ó ti gbóná tẹ́lẹ̀. Mo ti pa á.

ÈMI: Àjákù aṣọ yẹn ṣì wà lára bọ́tìnnì?

BÀBÁ: Màmá ẹ ní kí n ṣí i kúrò. Mo ní kó wà níbẹ̀. Bó o ṣe ń rò ó, ṣé kí n ṣí ìwé yìí? Ìwọ lo ni ín, tó o bá ní kí n ṣí i, mo ti gbàṣẹ. Lẹ́tà náà fẹ́lẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá èyí tó fẹ́lẹ́ ló dáa àbí èyí tó nípọn.

Mo ronú sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń ṣírò máàkì tí wọ́n rò pé àwọn gbà. N kò kánjú. Ó yà mí lẹ́nu bí n kò ṣe kánjú.

ÈMI: Ẹ má tíì ṣí i. Ẹ tún un kà.

BÀBÁ: Èwo nínú ẹ̀?

ÈMI: Gbogbo ẹ̀. Láti òkè.

Wọ́n wúkọ́ díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ mi.